Alùpùpù Bàbá Oníbúrẹ́dì

Lọ́jọ́ tí Màmá ṣubú ní balùwẹ̀, omi ló kọ́kọ́ gbé ìròyìn náà jáde. Ẹ̀rọ omi ń ṣàn, kò sí ẹni tó tì í, omi bá gba abẹ́ ilẹ̀kùn dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọ àgbàlá, ó sì dé ẹsẹ̀ obìnrin tó ń fọ aṣọ ní ilé kejì. Obìnrin náà ju aṣọ sílẹ̀, ó sáré wọlé. Ó bá Màmá nílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó na ẹsẹ̀ kan síwájú bí ẹni tó jókòó gbatẹ́gùn.

"Má pariwo," ni Màmá wí fún un. "Bá mi ti omi yẹn ná. Àtàárọ̀ ló ti ń ṣòfò."

Eegun kankan kò kán. Ìbàdí ló wú, orúnkún ló bó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìròyìn dé etí àkọ́bí rẹ̀, kò gbọ́ ti ìbàdí, kò gbọ́ ti orúnkún. "Àtàárọ̀" nìkan ló gbọ́. Àkọ́bí náà ni gbogbo ẹbí ń pè ní Àǹtí Nọ́ọ̀sì, nítorí pé ó ti ń tọ́jú aláìsàn ní ilé ìwòsàn ńlá láti ìgbà tí kò tíì sí ewú kankan lórí rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí, ó ti wa mọ́tò rẹ̀ dé láti òdìkejì ìlú, ó ti jókòó sí pálọ̀, kò tilẹ̀ bọ́ bàtà.

"Màmá, ẹ ò lè dá gbé mọ́," ó wí. "Yàrá wà nílé mi. Balùwẹ̀ wà nínú yàrá náà gan-an. Wọ́n ti bá mi kan irin mọ́ ògiri rẹ̀ tí ẹ ó máa dì mú."

"Irin lára ògiri," ni Màmá wí. "Ṣé ẹ̀wọ̀n ni mò ń lọ ni?"

"Màmá!"

"Mo kàn bèèrè ni."

Àbúrò Àǹtí Nọ́ọ̀sì, tó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, gbé ẹ̀rín mì. Òun ni àbígbẹ̀yìn. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é láti kékeré, nítorí pé kì í sọ̀rọ̀ àfi tí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ pa á. Ilé ìtẹ̀wé ló ti ń ṣiṣẹ́. Yàrá méjì tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé wà lókè téńté pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, àtẹ̀gùn rẹ̀ kì í sì í ṣe ohun tí ìbàdí Màmá lè bá ṣeré. Láti ọjọ́ tí Màmá ti ṣubú, orí àga gígùn pálọ̀ yìí ni Jẹ́jẹ́ ń sùn.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì bẹ Màmá, ó rọ̀ ọ́, ó halẹ̀. Màmá ń wo ojú fèrèsé. Nígbà tó ṣe, ó ní:

"Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ yìí. Orí alùpùpù bàbá yín ni mo jókòó sí wọ ilé yìí. Ọjọ́ tí alùpùpù náà bá tún dún, màá jókòó sí i, màá sì jáde. Mi ò ní bá yín jiyàn mọ́."

"Alùpùpù wo? Èyí tí adìyẹ ń yé sí?"

"Òun náà."

"Ẹ kúkú sọ pé ẹ ò lọ."

"Ṣé ohun tí mo sọ nìyẹn?"

Àǹtí Nọ́ọ̀sì dìde. "Ó dáa. Mo fún un títí oṣù yìí yóò fi parí. Tí kò bá dún, inú mọ́tò mi lẹ máa wọ̀, ẹ ò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo fipá mú yín."

"Tó bá wá dún ńkọ́?"

"Tó bá dún, orí mi yìí ni màá fi ru báàgì yín, kí gbogbo àdúgbò wò mí."

"Màá tún un ṣe," ni Jẹ́jẹ́ wí.

Àwọn méjèèjì yíjú sí i bí ẹni pé àpótí tó jókòó lé ló sọ̀rọ̀.

*

Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni alùpùpù náà wà, lábẹ́ tapólì kan tí oòrùn ti jẹ. Nígbà tí Jẹ́jẹ́ ká a kúrò, adìyẹ kan fò jáde tìbínú-tìbínú, ó dúró lókèèrè, ó ń ké bí ayálégbé tí onílé lé lójijì. Ẹyin wà lábẹ́ ìjókòó. Táyà méjèèjì ti rọ pẹlẹbẹ mọ́lẹ̀. Gbogbo ibi tó ń dán nígbà kan ti dógùn-ún, táǹkì tó pupa yòò ti ṣá di àwọ̀ amọ̀, aláǹtakùn sì ti hun ilé sí àárín ọwọ́ méjèèjì tí wọ́n fi ń darí rẹ̀.

Ó lóṣòó, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu dígí aago tó ń ka ìrìn. Nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ kéré. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé alùpùpù náà kò rìn jìnnà láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n aago yìí ti ka ìrìn títí àyè fi tán, ó ti padà sí òdo, ó sì ti tún bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Jẹ́jẹ́ rántí ọ̀kan nínú ọjọ́ wọ̀nyẹn. Nígbà tó ku díẹ̀ kí aago yí padà, Bàbá pa ẹ̀ńjìnnì, ó ti alùpùpù náà wálé, ó pe gbogbo wọn jáde. Ó ní kí olúkúlùkù fọwọ́ kan ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó. Wọ́n jọ tì í lọ síwájú, díẹ̀díẹ̀, orí wọn pọ̀ lé aago náà, wọ́n sì rí i bí gbogbo nọ́ńbà ṣe yí lẹ́ẹ̀kan náà. "A ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ni," ni Bàbá wí, inú rẹ̀ sì dùn bí ẹni tó rà á lóòótọ́.

Bàbá Oníbúrẹ́dì ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà. Kò ṣe búrẹ́dì rí láyé rẹ̀. Gbígbé ló ń gbé e. Ní ìdájí, yóò lọ sí ilé búrẹ́dì, yóò di í kún inú àpótí pákó ńlá tó wà lẹ́yìn alùpùpù, yóò sì máa já a fún àwọn onísọ́ọ̀bù títí dé àwọn abúlé ojú ọ̀nà, kó tó di pé búrẹ́dì náà tutù. Bí wọ́n bá fọ aṣọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, òórùn ìyẹ̀fun kì í kúrò níbẹ̀.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, mọ́tò tó háyà kò dé. Wọ́n retí, wọ́n retí, ẹnu àwọn àna ti ń gùn. Ni ọkọ ìyàwó bá tú àpótí búrẹ́dì kúrò, ó nu ìjókòó, ó sì lọ gbé ìyàwó rẹ̀ fúnra rẹ̀. Èérún búrẹ́dì lẹ̀ mọ́ ìdí aṣọ funfun náà. Ilé tí wọ́n ń bọ̀ kò tíì ní ilẹ̀kùn nígbà yẹn. Àárín pálọ̀ ni alùpùpù náà ti dúró, Màmá sì sọ̀ kalẹ̀ sínú ilé ọkọ láìfẹsẹ̀ kan erùpẹ̀ ìta.

*

Ìpinnu Jẹ́jẹ́ rọrùn. Gbogbo ohun tí kò bá bá alùpùpù náà wá láti ilé iṣẹ́ ni yóò tú dànù, yóò sì fi ojúlówó rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀: ẹ̀rọ tí wọ́n bá fi ọgbọ́n àrékérekè gbé ró, lọ́jọ́ kan yóò gé ẹnìkan níka. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́, yóò tẹ́ àpò ìrẹsì sílẹ̀, yóò da epo ìdáná sí àwọn nọ́ọ̀tì tó ti dógùn-ún, yóò sì máa to àwọn tó bá tú sínú agolo mílíìkì. Màmá yóò gbé àpótí wá sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, yóò gbé ọ̀pá rẹ̀ lé orí itan, yóò máa wò ó.

"Kí lò ń jù nù yẹn?"

"Rọ́bà kan ni, Màmá. Ẹnu páìpù epo ló wà."

"Gbé e wá."

Màmá yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún lójú oòrùn. "Ẹnu fídà ẹ nìyí."

"Fídà mi?"

"Tìẹ. O ṣì ń fà á mu nígbà tí páìpù bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Bàbá ẹ wò ẹ́, ó wo alùpùpù, ó ní, 'Àwọn méjèèjì ló ń mu, ṣùgbọ́n ọ̀kan ló ń mú oúnjẹ wálé nínú wọn.' Bí o ṣe bọ́ lọ́wọ́ fídà nìyẹn. O sunkún títí o fi sùn."

Jẹ́jẹ́ wo rọ́bà náà. Kò jù ú nù mọ́. Ó wá abọ́ kan, ó fi í síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó tú awọ kan tó so bátìrì mọ́ àyè rẹ̀. Èyí, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé rẹ̀ fún òun. Ìdajì bẹ́líìtì Bàbá ni. Ọdún tí ìyẹ̀fun wọ́n ni Bàbá gé e. Ilé búrẹ́dì ń dáná lọ́jọ́ kan, wọn kì í dáná ní ọjọ́ mìíràn. Bàbá yóò kan ilẹ̀kùn àpótí búrẹ́dì rẹ̀ kó tó jáde, bí ẹni tó fẹ́ bi í bóyá ẹnìkan wà nílé. Búrẹ́dì tó bá fọ́ ni wọ́n ń jẹ lálaalẹ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi ṣúgà. Nígbà tó yá, wọ́n ń rẹ ẹ́ sínú omi lásán. Jẹ́jẹ́ mọ ìyàtọ̀ adùn méjèèjì títí di òní. Bàbá rù débi pé bẹ́líìtì yí i po kọjá ihò tó kẹ́yìn. "Ó ti ṣẹ́kù sí mi lára," ló wí, ó mú ọ̀bẹ, ó sì gbé èyí tó ṣẹ́kù fún alùpùpù.

Lábẹ́ táǹkì, níbi tí irin ti ń gún irin, ó bá ègé rọ́bà mẹ́rin tó nípọn, aláwọ̀ ewé. Ó yẹ̀ wọ́n wò, ó wo ìyá rẹ̀. Màmá gbójú sókè, ó ń wo òrùlé.

Jẹ́jẹ́ nu ọwọ́, ó pe Àǹtí Nọ́ọ̀sì lórí fóònù. "Àǹtí, ẹ rántí bàtà rọ́bà yín tí olè jí?"

"Bàtà wo?"

"Aláwọ̀ ewé. Ẹsẹ̀ ọ̀tún."

"Níbo lo ti rí i?"

"Abẹ́ táǹkì. Bàbá gé e sí mẹ́rin."

"Mo mọ̀!" Ariwo Àǹtí dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. "Mo mọ̀ nígbà yẹn! Olè wo ló ń jí ẹsẹ̀ bàtà kan? Bàbá bá mi wá olè yẹn káàkiri gbogbo àdúgbò! Ó ń bi àwọn èèyàn! Ó tilẹ̀ di ọwọ́ mi mú!" Ó rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín, títí ẹ̀rín náà fi yí padà lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, wọ́n sì gbọ́ tó fọn imú. "Má jù ú nù o," ó wí. "Mò ń bọ̀ wá wò ó." Kó tó gbé fóònù sílẹ̀, ó rántí ara rẹ̀. "Oṣù sì ń lọ. Sọ fún Màmá pé mò ń kà á."

Láti ọjọ́ yẹn, ìpinnu Jẹ́jẹ́ tẹ̀ díẹ̀. Ó ra táyà tuntun, nítorí táyà kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣe ìrántí. Ó ra bíréèkì, ó ra ṣéènì, ó ra páìpù epo. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbé táǹkì padà, orí bàtà aláwọ̀ ewé ló gbé e lé, bẹ́líìtì Bàbá ló sì tún fi so bátìrì.

*

Mẹkáníìkì kan wà ní ìkángun òpópónà wọn, Kò-sí-wàhálà ni wọ́n ń pè é, nítorí ohun tó máa ń sọ nìyẹn kó tó wo nǹkan. Lẹ́yìn tó bá wò ó tán, ó máa ń dákẹ́. Òun ló bá Jẹ́jẹ́ ṣe inú ẹ̀ńjìnnì, nítorí pé Jẹ́jẹ́ kò fẹ́ dá a ṣe. Wọ́n pààrọ̀ àwọn òrùka písítìnnì, wọ́n ha inú ẹ̀ńjìnnì mọ́ títí ó fi ń dán bí àwo. Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ ti tú ìsàlẹ̀ kabúrétọ̀, níbi tí epo ti ń dúró, ó fọ ìdọ̀tí tó ti gan síbẹ̀. Ìdérí òkè rẹ̀ le, ó sì fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú kí oṣù parí, wọ́n da epo sí i. Màmá dìde lórí àpótí rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ta á lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Ó tún ta á. Ó wúkọ́, ó tu èéfín dúdú jáde, ó gbọ̀n jìgìjìgì, ó kú. Ó tún ta á títí òógùn fi bò ó. Èéfín ni ṣáá.

"Kò sí wàhálà," ni mẹkáníìkì wí. Ó tú púlọ́ọ̀gì jáde. Epo rin ín gbingbin. "Ó ń mu epo jù. Ó ń mu bí ẹni tí kò sí ẹni tó ń bá a wọ̀n ọ́n." Ó fi ẹ̀mú ṣí ìdérí òkè kabúrétọ̀ náà, ó fa ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde, ó wò ó. Ó dákẹ́.

"Kí ló dé?"

"Abẹ́rẹ́ kò sí níbẹ̀."

Abẹ́rẹ́ náà, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gùn tó ìka ni, òun ló ń sọ̀ kalẹ̀ sójú ihò, tó ń wọn ìba epo tí ẹ̀ńjìnnì yóò mu. Láìsí i, epo á kàn máa ya wọlé ni.

"Bóyá ó jábọ́," ni Jẹ́jẹ́ wí.

"Jábọ́ lọ síbo? Wọ́n dé e pa." Kò-sí-wàhálà gbé e sókè. "Ó tilẹ̀ dá kílíìpù padà sí àyè rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó yọ ọ́, jẹ́jẹ́ ló yọ ọ́. Ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe ni. Mo lè fi ti alùpùpù mìíràn dánwò, àmọ́ irú alùpùpù yìí ti tán nígboro. Kí n tó rí i, oṣù tí Àǹtí ń kà á ti kọjá."

Jẹ́jẹ́ bojú wẹ̀yìn. Màmá ti wọlé. Àpótí rẹ̀ nìkan ló kù lẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà náà ló rántí. Ó yà á lẹ́nu pé kò rántí látìgbà yìí wá, nítorí ojoojúmọ́ ló ń rí i nígbà èwe rẹ̀. Àwọn olè kan ti jí alùpùpù méjì ní òpópónà náà, wọn kò sì bẹ̀rù púlọ́ọ̀gì tí àwọn tó ni ín yọ pamọ́. Púlọ́ọ̀gì tiwọn wà lápò àwọn olè náà. Ni Bàbá bá ń yọ abẹ́rẹ́. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kò ní í wọlé kó tó ṣí ìdérí, kó yọ abẹ́rẹ́ náà, kó fi aṣọ nù ún. Màmá yóò ti dúró. "Gbà á," ni Bàbá yóò wí, "ó ti sùn." Màmá yóò gbà á. Ní ìdájí, Màmá yóò bá a dé ẹ̀yìn ilé ìdáná, yóò na abẹ́rẹ́ náà sí i. "Gbà á, ó ti jí." Wọn kì í kí ara wọn ní ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí Jẹ́jẹ́ dàgbà tó gbọ́ bí àwọn tọkọtaya mìíràn ṣe ń kí ara wọn, ó rò pé àwọn ni wọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ni.

*

Ó bá Màmá lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ká aṣọ tí kò nílò kíká. Jẹ́jẹ́ jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. 

"Màmá, mo mọ ibi tí abẹ́rẹ́ yẹn wà. Mi ò ní bi yín léèrè rẹ̀."

Màmá ń ká aṣọ.

"Tí ẹ bá fẹ́ kó má dún, kò ní í dún. Èmi ni màá sọ fún Àǹtí pé apá mi kò ká a. Màá máa sùn síbí. Ìyàwó mi ti gbọ́, ó ní kò burú. Àga yẹn ti mọ ẹ̀yìn mi."

"O fẹ́ parọ́ fún ẹ̀gbọ́n ẹ nítorí mi?"

"Kì í ṣe irọ́. Kò dún lóòótọ́."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Màmá kó tó mọ̀. Ó gbé aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ̀yin rò pé mo fi í pamọ́," ó wí. "Mi ò fi nǹkan kan pamọ́. Ìrọ̀lẹ́ tó kẹ́yìn yẹn, bàbá ẹ dé, ó ní ara òun ń wúwo. Ó yọ ọ́, ó nù ún, ó ní, 'Gbà á, ó ti sùn.' Ó jẹun díẹ̀, ó sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo dìde, mo mú un, mo ní, 'Gbà á.' Mo na ọwọ́ sí i." Màmá na ọwọ́ rẹ̀ sí òfìfo, ó fi í síbẹ̀. "Mo rò pé oorun ló ń kùn ún. Mo na ọwọ́ sí i títí apá fi ro mí."

Jẹ́jẹ́ kò lè wo ọwọ́ náà.

"Lẹ́yìn náà gbogbo yín dé. Ẹ bèèrè fìlà ẹ̀, ẹ bèèrè aago ọwọ́ ẹ̀, ẹ bèèrè ìwé ilé. Kò sí ẹni tó bèèrè ìyẹn lọ́wọ́ mi. Ta ni mo fẹ́ gbé e fún? Èmi náà wá dì í mú." Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà sórí itan. "Nígbà tí Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní kí n máa bọ̀, mo sọ ọ̀rọ̀ alùpùpù kí ó lè fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ìwọ tí kì í sọ̀rọ̀ lo máa dáhùn."

"Ẹ má bínú, Màmá."

"Dìde nílẹ̀ jàre. Ilẹ̀ yẹn tutù."

Kò sọ bóyá òun yóò lọ, kò sì sọ bóyá òun kò ní lọ. Jẹ́jẹ́ kò bèèrè. Ó lọ bá Kò-sí-wàhálà, ó ní kó má dààmú wá abẹ́rẹ́ kankan mọ́. Lọ́kàn rẹ̀, ó ti parí iṣẹ́ náà. Ó ń ro bí yóò ṣe kan irin mọ́ ògiri balùwẹ̀ ilé yìí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí oòrùn tó yọ dáadáa, ó jáde láti lọ fi tapólì bo alùpùpù náà padà. Ó ti na tapólì tán kó tó gbọ́ ìró ọ̀pá. Màmá ló ń bọ̀, ó fi ọwọ́ kan tẹ ọ̀pá lẹ́bàá ògiri ilé ìdáná, ó di ọwọ́ kejì. Ó dúró ní ibi tó máa ń dúró sí.

"Gbà á," ó wí.

Kò sọ ìyókù. Jẹ́jẹ́ ju tapólì sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dọ̀tí. Ó fẹ́ kọ́kọ́ nù ún, ó sì rí i pé ọwọ́ ìyá òun ti wà ní nínà, pé ó ń wúwo, pé kò yẹ kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan sí i. Ó fi ọwọ́ ìdọ̀tí méjèèjì gbà á kíákíá, bí ẹni tó ń gba ọmọ.

"Ó ti jí," ni Màmá wí.

"Màmá, kò pọn dandan kí ẹ—"

"Ṣé mo ní ó pọn dandan? Ta á lẹ́sẹ̀ ká gbọ́. Òtútù ń mú mi."

Ó tó àkókò díẹ̀ kó tó dì í tán. Ó ta á lẹ́sẹ̀. Ó wúkọ́. Ó tún ta á, ẹ̀ńjìnnì sì gbé ohùn rẹ̀ sókè, ó kọ́kọ́ hó gẹ́gẹ́ bí arúgbó tí wọ́n jí lójijì, lẹ́yìn náà ó balẹ̀, ó ń lù déédéé. Gbogbo adìyẹ àdúgbò tú ká. Obìnrin tó ń fọ aṣọ yọjú lórí ògiri, ó pariwo: "Ha! Bàbá Oníbúrẹ́dì!" Ó fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Màmá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé táǹkì tó ń gbọ̀n náà. Ó fi í síbẹ̀ títí irin náà fi lọ́ wọ́ọ́rọ́.

*

Ọ̀rọ̀ lọ̀rọ̀ ń jẹ́. Lọ́jọ́ tí oṣù parí, Àǹtí Nọ́ọ̀sì wọlé, ó bá ẹ̀ńjìnnì tó ń dún, ó bá Màmá tó ti wọṣọ, tó jókòó ti báàgì rẹ̀.

"O pẹ́," ni Màmá wí fún un. "Orí ẹ dà?"

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, àgbà nọ́ọ̀sì tí àwọn dókítà kéékèèké ń bẹ̀rù, ru báàgì náà lórí láti pálọ̀ dé ìta, àwọn aládùúgbò sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bú Jẹ́jẹ́ wúyẹ́wúyẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan kí Màmá gun ẹ̀yìn alùpùpù, ó tún di nọ́ọ̀sì padà. "Ìbàdí yẹn ńkọ́? Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ mọ́tò. A ti gbọ́ dídún rẹ̀."

"Mo ní tó bá dún, màá jókòó sí i jáde. Èwo ni mo fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà nínú ẹ̀?"

Wọ́n kó ìrọ̀rí sórí ìjókòó. Wọ́n gbé Màmá lé e ní ìdabúù ẹ̀gbẹ́. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ilé lé obìnrin tó ń fọ aṣọ lọ́wọ́, ó ní kó máa bá òun ṣí fèrèsé lọ́sàn-án kí ilé má baà hu olú. Jẹ́jẹ́ rọra gbé e kúrò lójú kan. Mọ́tò Àǹtí Nọ́ọ̀sì ń tẹ̀ lé wọn bí ẹni tó ń sin ìyàwó, ó ń tan iná ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láìdákẹ́.

Wọ́n kọjá níwájú ilé ìtẹ̀wé. Wọ́n kọjá ibi tí ilé búrẹ́dì wà nígbà kan, tí wọ́n ti ń ta sìmẹ́ǹtì àti irin ìkọ́lé báyìí. Màmá fa èémí níbẹ̀, ṣùgbọ́n eruku nìkan ló wà nínú afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà ni òkè bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà náà sì yí lọ sókè lọ́wọ́ ọ̀tún.

Jẹ́jẹ́ gbọ́ tí Màmá gbá a léjìká.

"Dúró kí n sọ̀ kalẹ̀."

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé ìbàdí ni?"

"Òkè ni. Kì í gbé èèyàn méjì gun òkè yìí. Ibí ni mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ fún bàbá ẹ. Màá máa tì í lẹ́yìn, òun á máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi níwájú, títí a fi máa dókè. Pẹ̀lú oyún ẹ gan-an, mo tì í."

Jẹ́jẹ́ kò mọ̀ ọ́n rí. Gbogbo ìyà ilé wọn ló rò pé òun mọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọdún tó ṣẹlẹ̀. Èyí, ẹnìkan kò sọ fún un.

"Ẹ jókòó, Màmá," ó wí. "Ẹ di mí mú."

Ó yí ọwọ́ iná kí epo lè wọlé sí i. Ohùn ẹ̀ńjìnnì náà wúwo sí i, ṣùgbọ́n kò wúkọ́, kò gbọ̀n. Ó ń gòkè. Màmá di aṣọ rẹ̀ mú pinpin lẹ́yìn, ara rẹ̀ le gbagidi, ó ń retí ìgbà tí yóò rẹ̀ ẹ́. Wọ́n kọjá igi àkọ́kọ́. Wọ́n kọjá ògiri kan tó ti wó. Ó ń gòkè. Díẹ̀díẹ̀, Jẹ́jẹ́ mọ̀ ọ́n lára bí ọwọ́ náà ṣe ń dẹ̀, tí orí ìyá rẹ̀ sì rọra fara tì í lẹ́yìn.

"Ó gòkè," ni Màmá wí, nígbà tí wọ́n dé orí rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kéré. "Ká ní ó ti gòkè báyìí nígbà yẹn..."

Láti ibẹ̀, ènìyàn lè rí gbogbo òrùlé tí wọ́n ti ń bọ̀, ti wọn sì wà láàárín wọn. Jẹ́jẹ́ dín eré kù.

"Ṣé kí n dúró, Màmá? Kí ẹ wò ó?"

"Dúró ṣe kí ni?" Màmá tì í léjìká. "Nígbà tí a bá tì í gun òkè tán la máa ń sinmi níbí. Kò rẹ̀ mí. Máa lọ."

Ó yí ọwọ́ iná, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lọ sí apá ibi tí ilé Àǹtí Nọ́ọ̀sì wà.